Lẹ́tà gbangba sí àwọn aláṣẹ nílé: Ẹ jẹ́ kí ará ìlú mọ ẹni tó dáwó fún olóṣèlú kí wọ́n tó dìbò

Sí Alága àjọ elétò ìdìbò, INEC,
Sí Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà àti Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin,
Sí àwọn gómìnà Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, pẹ̀lú àwọn olórí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wọn,

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

A kí yín láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Nọ́ọ̀sì wà nínú wa, awakọ̀ wà, olùkọ́ wà, oníṣòwò náà wà. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ti òṣèlú, a kò sì kọ̀wé yìí nítorí ẹnì kan tó ń du ipò. Ohun tó ká wa lára ni owó tí àwọn ọlọ́rọ̀ oníléeṣẹ́ ńláńlá ń kó lé ọwọ́ àwọn tó fẹ́ ṣèjọba lé ìlú lórí, àti bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ olówó náà pamọ́ títí dìgbà tí mímọ̀ ọ́n kò ní wúlò fún olùdìbò mọ́.

Ẹ bá wa wo ọjọ́ méjì kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2023 ni INEC kéde ẹni tó wọlé nínú ìdìbò ààrẹ. Abala 90 nínú Òfin Ìdìbò ọdún 2022, èyí tí wọ́n fi dìbò náà kí òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2026, fún ẹgbẹ́ òṣèlú tó fa olùdíje kalẹ̀ ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìkéde èsì láti kó àkọsílẹ̀ àwọn tó dáwó wá fún àjọ náà. Bí ẹ bá ka oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ ìkéde, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà lẹ máa bá a. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni wọ́n sì búra fún ààrẹ. Òfin wa fúnra rẹ̀ ló fàyè sílẹ̀ fún ènìyàn láti wọ ilé ìjọba, kó jókòó sórí àga, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ìwé, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó sọ ẹni tó gbọ́ bùkátà ìpolongo. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá tilẹ̀ pa òfin yìí mọ́ láìyẹ̀, olùdìbò tó tò sórí ìlà nínú oòrùn kò ní mọ ohunkóhun lọ́jọ́ tó tẹ̀ka.

Ibẹ̀ gan-an la fẹ́ kí ẹ ṣe àtúnṣe sí. A mọ̀ pé ìpolongo ń náwó. Mọ́tò fẹ́ epo, rédíò fẹ́ owó, aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó ìdìbò fẹ́ jẹun. Owó yẹn ní láti ti ibì kan wá, a kò sì rí aburú nínú pé olówó fi owó rẹ̀ ti ẹni tó gbà gbọ́ lẹ́yìn. Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí a máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àṣírí fún ẹni tó ni ìjọba, ìyẹn ará ìlú.

Ẹ rántí ọdún 2014. Òfin tó wà nígbà náà, ti ọdún 2010, sọ pé ẹni tó ń du ipò ààrẹ kò gbọdọ̀ ná ju bílíọ̀nù 1 náírà lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fún olùdíje ní ju mílíọ̀nù 1 lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún náà, nínú gbọ̀ngàn àsè ilé ìjọba ní Àbújá, ẹgbẹ́ PDP tó wà lórí oyè ṣe ètò ìkówójọ kan. Owó tí wọ́n kéde níbẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 21. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń ka àwọn olùdáwó, nítorí ibẹ̀ lẹ̀kọ́ wà. Yàtọ̀ sí orúkọ ènìyàn díẹ̀, ẹ̀ka iṣẹ́ ajé ni wọ́n ń dárúkọ: àwọn ti epo rọ̀bì, bílíọ̀nù 5, àwọn ti ilé kíkọ́, bílíọ̀nù 4, àwọn ti ọkọ̀ àti bàálù, bílíọ̀nù 1, àwọn ti iná mànàmáná, 500 mílíọ̀nù. Ta ni ń jẹ́ "àwọn ti epo rọ̀bì"? Èwo nínú wọn ló mú èló wá? Kí ló ń retí? Wọ́n fi orúkọ gbogbogbòò bo orúkọ ẹni.

Ti iná yẹn gan-an wú wa lórí láti sọ. Oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ fa àwọn iléeṣẹ́ tó ń pèsè iná àti àwọn tó ń pín in lé ọwọ́ àwọn oníṣòwò tó rà wọ́n. Àjọ ìjọba ló ń pinnu iye tí àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí lè gbà lọ́wọ́ wa lórí iná, ìjọba náà ló sì lè gba ìwé àṣẹ wọn bí wọn kò bá ṣe dáadáa. Ó lé díẹ̀ ní ọdún kan péré lẹ́yìn èyí tí "ẹ̀ka iná" fi wà lára àwọn tó ń dáwó fún ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso. A kò fẹ̀sùn olè kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ẹni tí ìyá rẹ̀ àgbà ń fi àtùpà sùn ní Ìkirè tàbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ bóyá ojú ń ti ẹni tó yẹ kó bá iléeṣẹ́ iná wí.

Nígbà tí ariwo pọ̀ lórí ètò náà, àlàyé tó jáde ni pé owó ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti olùdíje nìkan. Ojú ihò tí owó ń gbà kọjá nìyẹn. Òfin ọdún 2022 gbé iye tí ènìyàn tàbí iléeṣẹ́ lè fún olùdíje kúrò ní mílíọ̀nù 1 sí mílíọ̀nù 50, ó sì gbé ìnáwó ààrẹ dé bílíọ̀nù 5, ti gómìnà dé bílíọ̀nù 1. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fúnni ní ju iye yẹn lọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti ronú. Yóò fún ẹgbẹ́ dípò olùdíje. Yóò fún "àwọn ọ̀rẹ́" olùdíje. Yóò yá wọn ní bàálù rẹ̀, yóò sanwó rédíò fúnra rẹ̀, yóò tẹ pátákó sójú títì, kò sì sí èyí tí yóò fara hàn nínú ìwé kankan.

Tàbí kó ra fọ́ọ̀mù. Ní ọdún 2022, APC ta fọ́ọ̀mù ààrẹ ní mílíọ̀nù 100, PDP ta tiwọn ní mílíọ̀nù 40. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ nígbà náà jẹ́ 30,000 náírà. Ẹni tó ń gba iye yẹn, bí kò jẹ, bí kò mu, bí kò sanwó ilé, yóò fi ọdún tó lé ní 277 kó owó fọ́ọ̀mù APC jọ. Kí a tilẹ̀ fi òṣìṣẹ́ sílẹ̀: owó oṣù ààrẹ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àjẹmọ́nú nínú ìwé ìjọba jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 14 lọ́dún nígbà náà. Ọdún mẹ́rin tí yóò fi wà nípò kò ní ra fọ́ọ̀mù tó fi wọlé. Ẹlòmíràn ló ń san án, nígbà náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ẹgbẹ́ kan tó pe ara rẹ̀ ní ti àwọn darandaran àti almajiri gba fọ́ọ̀mù mílíọ̀nù 100 fún ààrẹ àná Goodluck Jonathan, òun fúnra rẹ̀ sì ní òun kò rán wọn níṣẹ́. Níbo ni darandaran àti ọmọ alágbe ti rí mílíọ̀nù 100? Ìbéèrè yẹn wà nílẹ̀ títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹgbẹ́ kan tàbí ìgbà kan là ń bá wí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣì wà lórí àga ààrẹ, owó tí wọ́n dá fún ilé ìkàwé rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 6. Gómìnà dá, iléeṣẹ́ epo dá, àwọn oníṣòwò tó tóbi jù lọ nílẹ̀ wa dá. Olóògbé Gani Fáwẹ̀hìnmi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, nítorí ó rí i pé ẹni tó ń dáwó fún ààrẹ tó ṣì ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kò jọ ẹni tó ń tọrẹ àánú. Kí òmìnira tó dé pàápàá, ní ọdún 1956, ìgbìmọ̀ ìwádìí Foster-Sutton ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ Azikiwe àti African Continental, báńkì tí òun ní ìpín nínú rẹ̀ tí owó ìjọba Ìlà-Oòrùn sì wọ̀. Ní tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Coker darí ní ọdún 1962 sọ pé owó Marketing Board, ìyẹn owó àwọn àgbẹ̀ kòkó, gba inú NIPC, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣòwò ilé àti ilẹ̀, dé àpò ẹgbẹ́ Action Group. A mọ̀ pé àwọn àgbà kan títí dòní gbà pé òṣèlú wà nínú ìwádìí Coker, a kò sì fẹ́ tún ìjà náà jà. Àmọ́ báńkì, iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣèlú ti ń pàdé ní kọ̀rọ̀ ṣáájú kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé.

Ó yẹ kí a sọ ohun tí olùdáwó ń rí gbà padà, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé rò pé kọ́ńtíráàtì ojú ọ̀nà nìkan ni. Kọ́ńtíráàtì ṣì hàn síta, nítorí a lè lọ wo ojú ọ̀nà náà. Èyí tó wúwo jù kò hàn. Títí di òpin ọdún 2025, iléeṣẹ́ lè gba ìwé pé kó má san owó orí fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n sì fi ọdún méjì kún un. Ó lè gba ìwé pé kó má san owó ibodè lórí ọjà tí ẹlòmíràn ń san án lé lórí. Nígbà kan rí, ó lè gba dọ́là ní iye tí ìjọba ń tà á. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó 480 náírà ní ọ̀dọ̀ ìjọba, nígbà tó ti kọjá 700 lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní òpópónà. Ẹni tí wọ́n bá fún ní mílíọ̀nù 1 dọ́là ní iye ti ìjọba ti jèrè tó ju 200 mílíọ̀nù náírà lọ kó tó tan iná ẹ̀rọ kankan. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, mílíọ̀nù 50 fún olùdíje jẹ́ owó òwò. Ní ìpínlẹ̀, ilẹ̀ ni. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìbuwọ́lù kan péré lè sọ etí òkun tàbí oko àgbẹ̀ di ti ọlọ́rọ̀ kan kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ̀yin gómìnà wa sì mọ̀ pé òótọ́ la sọ.

Àwọn tó ń jìyà rẹ̀ kò ní ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń pa aró àdìrẹ ní Ìtòkú kò lè dáwó fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà owó ibodè orí aṣọ òkèèrè tó ń pa ọjà rẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ra ẹ̀rọ méjì láti máa ṣe ike ní Agbára lè máa san gbogbo owó orí, ẹni tó sì ní ẹ̀rọ igba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè ní ìwé ìdásílẹ̀. Bí ọmọ wa kan níhìn-ín bá fi owó tó fi ogún ọdún kó jọ lọ dá iléeṣẹ́ kékeré sílẹ̀ nílé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi wá nígbà tó bá padà dé ni pé, "Ta ni mo ní láti mọ̀?" Ó bà wá nínú jẹ́ pé a ní ìdáhùn fún un.

Owó náà kò sì dúró lókè. Ó ń ṣàn dé ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò. A gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Èkìtì ní ọdún 2018: dìbò kóo sebẹ̀. Ní ọdún 2022, ní Èkìtì àti ní Ọ̀ṣun, àjọ EFCC kó àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń ra ìbò. Àwọn wo ni wọ́n kó? Àwọn tó ń pín in. Ẹni tó di apá kan owó náà sínú àpò ní Èkó tàbí ní Àbújá kò sí níbẹ̀. A máa ń gbọ́ tí àwọn aláṣẹ ń bá ìyá àgbà wí pé ó gba 5,000 náírà ta ọjọ́ iwájú ọmọ rẹ̀. Ìyá náà ti jẹ ẹ̀bá rẹ̀ tán lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó fi owó náà ránṣẹ́ yóò máa jẹ tirẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Kí ìbáwí bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó jẹ púpọ̀.

Nípa ìjìyà, òfin 2022 sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fún olùdíje ní ju iye tó yẹ lọ yóò san owó ìtanràn tí kò ju 500,000 náírà lọ, tàbí kó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́sàn-án, tàbí méjèèjì. Ẹni tó ní bílíọ̀nù lọ́wọ́ ni wọ́n fi 500,000 dẹ́rù bà. Ẹ fi èyí wé òfin àwọn iléeṣẹ́, CAMA ọdún 2020. Abala 43 níbẹ̀ sọ pé iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi dúkìá tàbí owó rẹ̀ ta ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́rẹ rárá, tàárà tàbí lẹ́yìn. Bó bá ṣe é, àwọn ọ̀gá tó lọ́wọ́ sí i yóò dá owó náà padà fún iléeṣẹ́, wọn yóò sì tún san iye kan náà gẹ́gẹ́ bí ìtanràn. Òfin tó mú ṣàṣà nìyẹn. Òfin méjèèjì jọ wà nínú ilé kan náà títí di ọdún 2026, ọ̀kan ní kí "ẹnikẹ́ni tàbí iléeṣẹ́" má ṣe fúnni ju mílíọ̀nù 50 lọ, èkejì ní iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ fúnni ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa parí irú ìjà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì gbè sẹ́yìn CAMA.

Àwa tí a wà lókè òkun ní ìdí tiwa tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn wá. Abala 225 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbọdọ̀ ní owó níta Nàìjíríà, owó tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ sí i láti òkèèrè, kó kó o fún INEC láàárín ọjọ́ 21. A gbà pé òfin rere ni, kí àjèjì má baà ra ìjọba wa. Òfin kò sì tíì fún wa láyè láti dìbò láti ibi tí a wà. Bẹ́ẹ̀ ni owó tí àwa ọmọ Nàìjíríà káàkiri àgbáyé ń fi ránṣẹ́ sílé fún oúnjẹ, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn tó nǹkan bí bílíọ̀nù 20 dọ́là lọ́dún, gẹ́gẹ́ bí Báńkì Àgbáyé ṣe kà á. Bí òfin bá lè sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n tọpa owó nọ́ọ̀sì tó wà ní Manchester láàárín ọjọ́ 21, ó yẹ kó lè tọpa ti ọlọ́rọ̀ tó wà ní Ìkòyí.

Ilẹ̀ tí a ń gbé yìí náà kò mọ́, a kò sì ní purọ́ fún yín. Ní ọdún 1997, Bernie Ecclestone, ọlọ́rọ̀ tó ń darí ìdíje ọkọ̀ Formula One, fún ẹgbẹ́ Labour ní mílíọ̀nù 1 pọ́n-ùn kí ìdìbò tó wáyé. Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, ìjọba Labour fẹ́ yọ eré ọkọ̀ kúrò nínú òfin tó ní kí sìgá má ṣe ìpolówó ọjà mọ́. Àwọn oníròyìn so okùn méjèèjì pọ̀, ẹgbẹ́ náà dá owó padà, Tony Blair sì bẹ̀bẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó tẹ̀ lé e ni òfin ọdún 2000 tó dá Electoral Commission sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣí íntánẹ́ẹ̀tì kó rí ẹni tó fún ẹgbẹ́ kan lówó, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Ní àsìkò ìpolongo ìdìbò gbogbogbòò, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń tẹ ẹ́ jáde. Títí di ìdìbò ọdún 2024 wọn kò tíì fi òpin sí iye tí ènìyàn lè fúnni, àléébù ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n olùdìbò mọ ohun tó ń ṣe.

Ní Jámánì, ìwé ló tú àṣírí náà. Iléeṣẹ́ Flick ta ìpín rẹ̀ nínú Daimler-Benz ní ọdún 1975, ó sì bẹ ìjọba kí wọ́n dá a sí lórí owó orí. Nígbà tí àwọn agbowó orí yẹ ìwé rẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n bá àkọsílẹ̀ owó tó ti ń fún àwọn olóṣèlú, kì í ṣe ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Minísítà ọrọ̀ ajé, Otto Graf Lambsdorff, fipò sílẹ̀ ní ọdún 1984. Kóòtù dá a lẹ́bi ní 1987, lórí ọ̀ràn owó orí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, kò bá ilẹ̀ Áfíríkà mu, ẹ wo South Africa. Láti oṣù kẹrin ọdún 2021 ni òfin ti ní kí ẹgbẹ́ sọ ẹni tó bá fún un ní ohun tó ju iye kan lọ, èyí tó jẹ́ 100,000 rand nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, àjọ ìdìbò wọn sì ń tẹ ẹ́ jáde láàárín ọdún, láìdúró de ìdìbò.

Àṣà wa náà kò lòdì sí i. Níbi ìkómọjáde tàbí òkú àgbà, ẹnì kan máa ń jókòó pẹ̀lú ìwé àti bírò, yóò kọ orúkọ ẹni tó fúnni àti iye tó fúnni, nítorí ẹbí mọ̀ pé owó tí a gbà lọ́wọ́ ènìyàn jẹ́ gbèsè tí a ó san lọ́jọ́ tirẹ̀. Bí a bá kọ ti 2,000 náírà sílẹ̀, ti bílíọ̀nù 2 kò yẹ kó sọnù. Ìjọba pàápàá mọ̀ ọ́n ṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, báńkì àpapọ̀ tẹ orúkọ àwọn oníléeṣẹ́ tó dáwó sí CA-COVID, àpapọ̀ owó ìrànwọ́ tí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni dá, jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye tí kálukú fún wọn. Kò sí ẹni tó ní ìkọ̀kọ̀ ni. Nígbà tí oúnjẹ tí wọ́n fi owó náà rà wá di ohun tí àwọn ènìyàn ń fọ́ ilé ìkẹ́rùsí kó ní oṣù kẹwàá, ìlú lè béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nítorí pé wọ́n ti mọ iye tó wọlé.

Nítorí náà, ohun tí a ń tọrọ kò pọ̀.

Ẹ̀yin INEC, abala 87 òfin 2022 ti fún yín lágbára tẹ́lẹ̀ láti béèrè iye owó tí ẹnikẹ́ni dá àti ibi tó ti rí i. Kò yẹ kí ẹ máa dúró de òfin mìíràn kí ẹ tó béèrè. Kí ìpolongo ọdún 2027 má parí láìjẹ́ pé ẹ ti ń gba àkọsílẹ̀ olùdáwó lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ẹ sì máa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì yín kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tí ẹ gbà á. Àkọsílẹ̀ ìkẹyìn gbọ́dọ̀ jáde ní ọjọ́ 7, ó kéré tán, kí a tó dìbò. "Ẹ̀ka epo" àti "àwọn ọ̀rẹ́" kì í ṣe orúkọ. Ẹ má gbà á.

Ẹ̀yin aṣòfin, òfin ìdìbò yòówù tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé owó fọ́ọ̀mù tí ẹlòmíràn san, bàálù tí ẹnì kan yáni àti ìpolówó tí ọ̀rẹ́ sanwó rẹ̀ jẹ́ ìdáwó, kí iye tí òfin fi sí olùdíje sì kan ẹgbẹ́ náà. Kí ìtanràn jẹ́ iye tí wọ́n dá, kò gbọdọ̀ dín. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ti ní ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ẹni tó ni iléeṣẹ́ gan-an hàn, kódà bí wọ́n bá fi orúkọ ẹlòmíràn dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yín kan ni láti máa gbé ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ olùdáwó, kí ẹ sì máa sọ fún wa, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, èwo nínú àwọn olùdáwó ló gba kọ́ńtíráàtì, ìwé ìdásílẹ̀ owó orí tàbí ti owó ibodè. Bí kò bá sí ohun tó burú níbẹ̀, olùdáwó ni yóò kọ́kọ́ dúpẹ́. Àwọn oníléeṣẹ́ mélòó kan wà tí wọ́n ń dáwó nítorí ẹ̀rù nìkan, tí wọ́n ń dá fún ẹgbẹ́ méjì kí ẹnikẹ́ni má baà bínú sí wọn. Ìmọ́lẹ̀ yóò tú irú wọn sílẹ̀ nínú ìdè.

Ẹ̀yin gómìnà wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ̀yin ni a sún mọ́ jù, nítorí náà ọ̀dọ̀ yín ni ìrètí wa pọ̀ sí. Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ wà lábẹ́ àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀ yín. Ẹ lè fi òfin ilé aṣòfin yín bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lónìí, kí Àbújá tó gbéra. Ẹ tẹ orúkọ àwọn tí ẹ pín ilẹ̀ tó tóbi fún jáde. Ẹ sì tẹ orúkọ àwọn tó dáwó fún ìpolongo ẹ̀yin fúnra yín jáde. Gómìnà tó bá kọ́kọ́ ṣe é, a ó gbé orúkọ rẹ̀ kiri gbogbo ìpàdé tí a bá ń ṣe níhìn-ín, ẹgbẹ́ yòówù kó wà.

Ní tiwa, a ti pinnu láti kọ̀wé sí INEC lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011, èyí tó fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ohun tí a ó béèrè ni ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ olùdáwó tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kó wá lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2023, àti orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí kò mú tiwọn wá. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó padà sílé yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwé náà dé ọ́fíìsì INEC ní Àbújá, àwọn mìíràn yóò sì gbé ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ́fíìsì gómìnà kọ̀ọ̀kan. A bẹ̀ yín, kí ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì buwọ́ lu ìwé pé ẹ gbà á.

Àwa ọmọ yín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Ìgbìmọ̀ Olùdarí, ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́